Ilẹ̀ Máíkírósìmẹ́ńtì: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kó Má Tètè Ṣá

Ìmọ́tótó wa ló ń ba ilẹ̀ máíkírósìmẹ́ńtì jẹ́ ju ìdọ̀tí lọ. Ẹni tó bá dàgbà sórí ilẹ̀ tẹráásò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n á da omi sílẹ̀ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọ́n Omo lé e, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì líle bó o títí ọṣẹ á fi hó gba gbogbo pálọ̀, wọ́n á da Hypo sí ojú ibi tó bá ṣú. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á kán kẹrosíìnì sínú omi ìkẹyìn kí ilẹ̀ lè máa dán, kí èèrà má sì wọlé. Tẹráásò gba gbogbo ìyẹn mọ́ra láti ìgbà àwọn òbí wa títí di òní. Máíkírósìmẹ́ńtì kò ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà la sì fi ń mú un.

Ilẹ̀ yìí ti ń wọ ilé tuntun àti ilé àtúnṣe ní Èkó, ó sì ti ń dé Ìbàdàn. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹ kò ní láti fọ́ táìlì àtijọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é. Orí táìlì náà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ lé. Kò ní ojú ìpàdé tí ìdọ̀tí máa ń há sí. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn kíṣíìnì, ojú kan náà ni. Ẹni tó ń tà á á sì fi kún un pé kò fẹ́ ìtọ́jú kankan. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín

Sìmẹ́ńtì kíkúnná ni, tí wọ́n po mọ́ iyanrìn lẹ́búlẹ́bú, àwọ̀, àti èròjà oníke olómi tí ń jẹ́ kó lẹ̀ típẹ́típẹ́ kó má sì tètè fọ́. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ohun ìlẹ̀ kun ojú ilẹ̀ tàbí táìlì tó bá níbẹ̀, á tẹ́ àwọ̀n tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, á wá fi irin pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ sìmẹ́ńtì náà ní ìpele ìpele, á máa jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, á sì máa fi sáńpépà yún un. Tó bá parí, gbogbo rẹ̀ kì í sábà nípọn ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Ẹ to káàdì báǹkì mẹ́ta léra, ẹ ti rí i.

Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ a máa mu omi. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán epo kan ti tó láti fi àmì sí i títí ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sílà bò ó níkẹyìn, ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi pọ́líyúrétéènì ṣe. Gbogbo ìpele rẹ̀ lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju abala ìwé kan lọ. Sílà yìí lẹ̀ ń rìn lé, òun lẹ̀ ń nù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Ìtọ́jú ilẹ̀ máíkírósìmẹ́ńtì kò ju pé kí sílà náà pẹ́ láyé lọ.

Ẹ tún wo tẹráásò lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó sì nípọn. Èyí tó bá ṣá, ẹ lè pe oníṣẹ́ kó wá fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀, kó tún dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sórí máíkírósìmẹ́ńtì, táìlì àtijọ́ abẹ́ rẹ̀ lẹ máa bá pàdé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ará ilé mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ojú ilẹ̀ yìí kì í dọ́gba. Ibì kan á ṣú díẹ̀, ibì kan á mọ́lẹ̀, ẹ ó sì rí ipa ibi tí irin oníṣẹ́ gbà kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹ kò bá ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọ̀dọ̀, yóò rò pé ìdọ̀tí ni, yóò sì fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin ha á títí sílà á fi bó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Sílà tó gbẹ lójú kò tíì gbẹ nínú. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 24 sí 48, ẹ lè fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Omi, ọṣẹ àti àga wúwo ṣì ní láti dúró. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, àwọn mìíràn ní méjì. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ẹ fi kún un. Láàárín àsìkò yìí ẹ má tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí ọ̀rá sórí rẹ̀, torí ọ̀rinrin tó ń jáde látinú rẹ̀ kò ní ríbi gbà, ojú ilẹ̀ á sì di alábàwọ́n. Ẹ má sì lẹ téèpù mọ́ ọn: tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, sílà á bá a lọ. Àwọn akunlé tó ń kun ìsàlẹ̀ ògiri lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti parí ló sábà máa ń ṣe irú èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí akunlé parí tirẹ̀ kí oníṣẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń múra ìṣílé, ẹ ka àwọn ọjọ́ yìí mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì ìpè. Ọgọ́rùn-ún àlejò pẹ̀lú bàtà gogoro, àga ike tí ẹ yá, àti kúlà yìnyín tí wọ́n ń wọ́ kiri lórí sílà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ìnáwó míì ló máa bí.

Iyanrìn

Ẹ fi ọbẹ̀ tó dànù sílẹ̀ ná. Iyanrìn ló ń jẹ ilẹ̀ yìí, ó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó rí i. Hóró iyanrìn le ju sílà lọ. Bí bàtà bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń yí i mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìlà tíntìntín tí ojú kò rí. Ìlà á máa pọ̀ sí i. Ojú ọ̀nà láti ẹnu ìlẹ̀kùn dé ìdí àga bàbá á kọ́kọ́ ṣá, igun tí ẹnikẹ́ni kì í dé á ṣì máa dán. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìdọ̀tí, tí wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì lé kiri. Bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ń fi ìlà kún ìlà ni.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ̀fúùfù láti Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ń gbé eruku wá bá wa, fèrèsé tí a tì pàápàá kì í dá a dúró. Eruku ọyẹ́ kúnná ju iyanrìn àdúgbò lọ, kì í sì ha ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, á di ẹrẹ̀ pẹlẹbẹ tí mọ́ọ̀pù á kàn máa tẹ́ káàkiri, tó bá sì gbẹ, ilẹ̀ á funfun kalẹ̀ bí ẹni pé a kò fọ̀ ọ́ rí. Ẹ kọ́kọ́ gbá a kúrò ní gbígbẹ kí omi tó dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ nígbà ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ní ìgbà yòókù.

Ọwọ̀ wa tí a fi igi ewé ọ̀pẹ dì, kì í ṣe òun ló dára jù níbí. Tuntun rẹ̀ le lórí, èyí tó ti gbó sì máa ń kó iyanrìn ńlá, á fi eruku kíkúnná sílẹ̀. Ẹ wá ìgbálẹ̀ onírun rírọ̀ tó ní ọ̀pá gígùn, tàbí mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tó ní aṣọ microfibre, kẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Aṣọ yẹn a máa fa eruku mọ́ra dípò kó máa fọ́n ọn sókè. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku náà dára, bí ẹnu rẹ̀ bá ní irun rírọ̀. Bó bá ní búrọ́ọ̀ṣì líle tó ń yí, ẹ pa búrọ́ọ̀ṣì náà kẹ́ ẹ tó tàn án.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju gbígbá lọ ni kí iyanrìn má tilẹ̀ wọlé. Ẹ gbé ohun ìnusẹ̀ méjì sẹ́nu ọ̀nà, kí èyí tó rí hánún wà níta, kí èyí tó rọ̀ wà nínú. Ẹ má ra èyí tó ní rọ́bà dúdú lábẹ́, torí èròjà inú rọ́bà a máa wọ inú sílà, ojú ibẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní lọ mọ́. Bí ẹ bá lè sọ bíbọ́ bàtà di òfin ilé, ẹ ti fi ọdún kún ọjọ́ orí ilẹ̀ yín. Àlejò tó bá jẹ́ àgbà, tí ẹ kò lè ní kó bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kó wọlé wọ̀ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ gbálẹ̀ tó bá lọ.

Àga àti tábìlì náà ń ha ilẹ̀. Aṣọ kíki rógódó tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn wà lọ́jà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo wọn, ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, torí iyanrìn a máa há sínú rẹ̀, aṣọ tó yẹ kó dáàbò bo ilẹ̀ á wá máa yún un. Àga ọ́fíìsì tó ní táyà ike líle, ẹ tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Fíríìjì, sílíńdà gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, gbígbé ni, kì í ṣe wíwọ́.

Fífọ̀

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún pálọ̀ àti yàrá. Kíṣíìnì lè jẹ́ ojoojúmọ́. Ọṣẹ tó yẹ ni èyí tí kò ní ásíìdì, tí kò sì ní eérú tàbí sóódà nínú, èyí tí pH rẹ̀ wà nítòsí 7. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe máíkírósìmẹ́ńtì sábà máa ń ta tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà, ọ̀pọ̀ ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ kò jìnnà sí ìwọ̀n yẹn: ṣíbí ìjẹun kan nínú omi lítà 5. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú yín. Ẹni tó bá fẹ́ kó hó ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù lójú ilẹ̀ á gbẹ, á di awọ fẹ́lẹ́ kan tí ń di eruku mú, ilẹ̀ tí ẹ fọ̀ lónìí á dọ̀tí ju ti àná lọ, ẹ ó sì tún bu ọṣẹ kún un.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ nílò, ọ̀kan ọlọ́ṣẹ, ọ̀kan omi lásán. Ẹ ki mọ́ọ̀pù bọ inú ti ọlọ́ṣẹ, ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, ẹ nu ibi tó fẹ̀ tó ẹní kan, ẹ ṣàn án nínú omi lásán, ẹ fún un, kẹ́ ẹ tó padà sí ti ọlọ́ṣẹ. Bí omi lásán bá ti ṣú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun tó jìnnà sí ìlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti yí i ká tán, ẹ fi omi tuntun láìsí ọṣẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e. Má-jẹ́-kó-dá-gbẹ ni ọ̀nà ilẹ̀ yìí, pàápàá níbi tó bá jẹ́ pé omi kànga ẹlẹ́rọ lẹ̀ ń lò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, irin pọ̀ nínú omi náà; bó bá dá gbẹ, á fi ojú pupa sílẹ̀.

Omi gbígbóná janjan kò wúlò fún un, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi nu ilẹ̀ sì burú ju ìyẹn lọ, torí ooru náà lè gbé sílà kúrò lára sìmẹ́ńtì. Mọ́ọ̀pù ilé ìyàgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé pálọ̀ láé. Yàtọ̀ sí pé ó ń kó kòkòrò, Harpic tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ á ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ohun tó gbọ́dọ̀ jìnnà sí i

Sìmẹ́ńtì àti ásíìdì kì í gbé pọ̀. Ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ńtì ni ásíìdì ń jẹ, bẹ́ẹ̀ Harpic tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ní ásíìdì hydrochloric nínú. Bó bá kan ibi tí sílà ti gbó, á hó díẹ̀, ẹ ó sì rí ojú funfun kan tí ọṣẹ kankan kò lè mú lọ, torí kì í ṣe àbàwọ́n. Ara ilẹ̀ ló ti jẹ kúrò níbẹ̀. Fínígà àti ọsàn wẹ́wẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yìn pé wọn kò ní kẹ́míkà, ásíìdì làwọn náà. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é.

Hypo àti Jik ń pa àwọ̀. Ẹ̀kán kan lórí aṣọ dúdú ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ilẹ̀ aláwọ̀ eérú náà ní àwọ̀ tó lè pa. Bí ẹ bá sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́, sílà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Níbi tí mo ti dárúkọ Hypo àti Harpic pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀ láé níbikíbi nínú ilé. Afẹ́fẹ́ klórínì tó ń jáde nínú wọn lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Ọṣẹ dúdú, ọ̀gá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nílẹ̀ Yorùbá, kò bá ilẹ̀ yìí mu. Omi eérú la fi ń ṣe é, ó sì le. Ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ náà le, hóró rẹ̀ tí kò bá sì yọ́ tán á tún máa ha ilẹ̀. Izal, apakòkòrò olóòórùn líle yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún gọ́tà. Ọṣẹ àti omi tó fún ilẹ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣàìsàn.

Kẹrosíìnì ló máa ń ṣòroó gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà, torí wọ́n ti rí i pé ó ń mú tẹráásò dán. Òróró rẹ̀ ló ń dán lójú ilẹ̀. Lórí máíkírósìmẹ́ńtì, òróró náà á máa kó eruku, ilẹ̀ á máa yọ̀, sílà á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó burú jù kò ní hàn títí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi sílà tuntun kún un: kò ní lẹ̀. Á máa ṣí bí awọ alúbọ́sà. Pólíìṣì inú agolo tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa láyé àtijọ́ ń ṣe irú rẹ̀ gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ìda tiwọn tí wọ́n ń kùn sórí sílà, ìyẹn dára; ìda ọjà lásán ni mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé pé kẹrosíìnì lórí ilẹ̀ kíṣíìnì tí iná gáàsì ń jó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí nǹkan bá dànù

Sílà á dá nǹkan dúró fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ fi lè dé ibẹ̀. Kò ní dá a dúró di àárọ̀ ọ̀la. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ tẹ aṣọ tàbí tíṣù lé e kó fà á mu. Ẹ má nù ún káàkiri, torí ibi tó fẹ̀ tó ọwọ́ á di ibi tó fẹ̀ tó àtẹ.

Epo pupa ni mo máa fi síwájú nínú ilé Yorùbá. Lẹ́yìn tí tíṣù bá ti fa èyí tó lè fà, ẹ bu pọ́dà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo lé e, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí kó fa èyí tó kù. Ẹ gbá a kúrò, kẹ́ ẹ wá fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi nù ún pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ojú ofeefee rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, epo ti kọjá sílà, ibi tí sílà ti gbó lẹ ti rí yẹn.

Zobo léwu ju bí a ṣe rò lọ: ó ní ásíìdì, ó sì ní àwọ̀, ìyọnu méjì nínú ife kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáìnì pupa, omi ọsàn, tòmátò, àti àgbo tí wọ́n fi omíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sè. Omi lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi nù wọ́n, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ tẹ̀ lé e. Igo àgbo tí ẹ gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì máa ń fi òbìrípo aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Àwo kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀.

Fún láàlì ìyàwó, aró tàbí ọ̀dà irun, mi ò ní oògùn. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè mú ni, wọ́n sì ń mú. Ẹ tẹ́ ọ̀rá, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní lé ọ̀rá, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ burú ju ọ̀dà náà lọ, nítorí ó lè yọ́ sílà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà èékánná tó bá kán sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi etí káàdì ike gbé e kúrò jẹ́jẹ́. Fún ìda àbẹ́là àti ṣingọ́ọ̀mù, ẹ di yìnyín sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lé e títí á fi gan, ọwọ́ kan náà lẹ ó fi ṣí i.

Ìpẹtà tó wà lábẹ́ sílíńdà gáàsì, agolo tàbí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì irin kì í lọ bọ̀rọ̀, torí gbogbo oògùn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà ló ní ásíìdì. Ẹ gbé pákó tàbí ike sábẹ́ wọn kó tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí iná: ẹni tó bá fẹ́ ro àmàlà nílẹ̀, kó gbé òṣùká tàbí pákó sábẹ́ ìkòkò rẹ̀, torí sílà kì í gba ooru. Kàn-ìn-kàn-ìn funfun tí wọ́n ń polówó pé ó ń pa àmì báírò àti kíréyọ̀nù rẹ́ lára ògiri, bíi sáńpépà kíkúnná ló ń ṣiṣẹ́; ó lè mú báírò lọ, á sì mú dídán ibẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Ohunkóhun tí ẹ kò bá tíì lò rí, ẹ dán an wò lábẹ́ àga gígùn, níbi tí àlejò kò ní rí, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Balùwẹ̀

Omi ọṣẹ tó gbẹ lé ilẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ balùwẹ̀ di aláwọ̀ eérú. Irin onírọ́bà tí a fi ń nu gíláàsì mọ́tò, ẹ fi ọ̀kan kọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó bá wẹ̀ tán fi fa omi lọ sójú ihò. Ẹ ṣí fèrèsé. Èbu dúdú tó bá yọ sí igun, búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ tó rọ̀ àti ọṣẹ olómi ni kẹ́ ẹ fi lé e, bó bá sì ń padà wá, afẹ́fẹ́ ni balùwẹ̀ náà nílò. Ẹ máa wo sílíkónì tí wọ́n fi dí etí ògiri àti ìdí páìpù lọ́dọọdún. Níbi tó bá ti ṣí, omi ń gba ẹ̀yìn wọlé, sílà ojú kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Bí ilé bá ní arúgbó, ẹ béèrè sílà tí kì í yọ̀ fún balùwẹ̀. Kì í dán bíi ti pálọ̀, ó sì máa ń di ìdọ̀tí mú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọṣẹ kò lè tún ṣe

Bí sílà bá ń wú bí ìléròrò, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ ń yọ láti inú ilẹ̀, ẹ má wá ọṣẹ kiri. Omi ló ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n fi iyanrìn dí irà bíi Lẹ́kkí, tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, bí wọn kò bá ti fi ohun tó ń dá omi dúró sábẹ́ ilé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ lè fi sílà kùn ún nígbà mẹ́wàá, yóò tún wú. Ìdí ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ìlà tó sán wẹ́ẹ́rẹ́, tó gba àárín yàrá kọjá, sábà máa ń tọ́ka sí pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń mira tàbí ló ti sán. Mìlímítà 3 kò lè dì í mú. Bí ojú ìpàdé táìlì àtijọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ilẹ̀ tuntun, oníṣẹ́ ni kò dí i dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹni tó ṣe é lẹ máa pè.

Sílà tuntun

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ kán ẹ̀kán omi mímọ́ mélòó kan sójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà jù, àti síwájú síńkì kíṣíìnì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ nù ún. Bí ibẹ̀ bá rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, sílà ṣì wà. Bí ibẹ̀ bá ṣú, omi ti ń wọlé, àkókò ti tó. Iye ọdún tó máa ń gbà kò dọ́gba: yàrá tí ẹni méjì ń sùn lè lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kíṣíìnì ilé ọlọ́mọ lè má tó ọdún mẹ́ta. Ẹ má dúró títí sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ á fi hàn, torí nígbà náà àbàwọ́n á ti wọ inú rẹ̀, sílà tuntun á sì kàn tì í mọ́bẹ̀ ni.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo ka kíkun sílà tuntun sí. Ó máa fọ̀ ọ́ kí gbogbo ọ̀rá kúrò, jẹ́ kó gbẹ, fi sáńpépà kíkúnná yún ojú sílà àtijọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí tuntun lè rí ibi dì mú, fa eruku kúrò pátápátá, kó tó kun ìpele kan tàbí méjì. Gbogbo yàrá ni wọ́n máa ń kùn láti ògiri dé ògiri. Bí wọ́n bá kun ojú ibi tó ṣá nìkan, àlà rẹ̀ á máa hàn títí. Lẹ́yìn náà, ìlànà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí oníṣẹ́ tó gba owó ìkẹyìn lọ́wọ́ yín, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ sílà tó lò sílẹ̀ fún yín, bóyá ó jẹ́ onígo kan tàbí onígo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, bóyá ó kun ìda lé e, àti nọ́ńbà àwọ̀ sìmẹ́ńtì náà. Sílà onígo méjì tí wọ́n ti pò kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ kó tó le, nítorí náà èyí tí wọn kò tíì pò ni kẹ́ ẹ gbà bí ó bá ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára agolo. Ẹ tún ní kó tẹ́ sìmẹ́ńtì tó kù sórí pákó kan tó tó abala ìwé ìròyìn, kó fi sílà kan náà bò ó. Ẹ gbé e sábẹ́ síńkì. Òun lẹ ó máa dán ọṣẹ tuntun wò lára.